Ta Ló Yọ Orúkọ Festus Ìbíyẹmí Kúrò Lára Àwo Rẹ̀?

Festus Ìbíyẹmí kú ní Ìgàndò lóṣù tó kọjá. Ilé iṣẹ́ tó gbé àwo jáàsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1988 fi òdòdó ránṣẹ́. Ẹ mà ṣeun o! Ọdún márùn-ún gbáko lọkùnrin yìí fi bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ orúkọ òun sára páálí àwo, ẹ ò ráyè. Òdòdó lẹ wá ráyè rà.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó gbọ́. Ọmọ Èkìtì ni, tíṣà tó ń kọ́ni lórin, tóun náà sì ń fọn fèrè. Òun ló ṣa àwọn onífèrè mẹ́tàdínlógún jọ: sójà tó ti fẹ̀yìn tì, onífèrè ṣọ́ọ̀ṣì, akọ̀wé ìjọba. Inú kíláàsì kan ní Ìkọ̀tún ló ti ń kọ́ wọn ní gbogbo Sátidé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ohun tí oníkálukú máa fọn sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣì í fọn, kì í jágbe mọ́ ọn. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká tún un gbọ́, ó ti fẹ́ dùn."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba orin náà sílẹ̀, ilé iṣẹ́ ní àwọn máa pe àlejò mẹ́ta wá láti òkè òkun, kí wọ́n máa dá fọn láàárín orin. Festus ò jowú. Ó tún orin kọ látòkèdélẹ̀ kí àyè lè gbà wọ́n. Lẹ́yìn orin kẹta, ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà dì mọ́ ọn, ó ń sunkún nítorí adùn orin náà.

Àwo jáde. Àwòrán àlejò mẹ́ta, orúkọ àlejò mẹ́ta, gàdàgbà-gadagba. Festus ńkọ́? Ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ni: "Pẹ̀lú ẹgbẹ́ onífèrè kan láti Èkó." Ẹgbẹ́ kan! Ṣé ìjì ló gbá wọn jọ ni? Àbí fèrè ló ń fọn ara rẹ̀?

Ọdún márùn-ún ló fi ń lọ bá ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà. Ẹ gbọ́ èsì ọmọlúàbí: "Bàbá, ta ló mọ̀ yín? Orúkọ yín ò lè ta àwo." Festus padà sílé. Kò fọwọ́ kan fèrè mọ́ títí tó fi kú.

Níbi ìsìnkú, Olúsànyà yìí kan náà dìde, ó ní ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nítorí "òpó ńlá tó wó." Ẹni tí ẹ ti pa lẹ́nu mọ́ lójú ayé rẹ̀! Ṣùgbọ́n Màmá Susanna, ìyàwó olóògbé, kò dákẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ta ló kọ orin àkọ́kọ́ nínú àwo yẹn?"

Ojú Olúsànyà wolẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ ká sin bàbá ná."

"Ẹ ti sin ín tipẹ́, jàre."

Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tún àwo náà tẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Kí wọ́n fi orúkọ Festus ṣíwájú, kí orúkọ àwọn mẹ́tàdínlógún tẹ̀ lé e. Ìyẹn nìkan ò tó. Kí Olúsànyà wá sí Ìgàndò, kó dúró níwájú opó yìí, kó sọ ẹni tó mú bírò tó fa ìlà sórí orúkọ ọkọ rẹ̀. Ṣé òun ni, àbí àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà, tó wà lókè rẹ̀? Ẹni tó ṣe é ní orúkọ. Orúkọ tiẹ̀ la fẹ́ gbọ́ báyìí.