Ọkọ̀ Alájì Tájù Fi Ẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Jáde

Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ní Darkuman, àdúgbò wa ní Akra, ń yin Alájì Tájù pé ó fẹ́ràn ìdílé rẹ̀, ẹ bi í léèrè pé ìdílé wo. Gbogbo àwa tí a dàgbà sínú agbo ilé yẹn la mọ ohun tí bàbá náà fẹ́ràn. Ọkọ̀ rẹ̀ ni.

Ẹ má bínú, kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Opel ni, irú èyí tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Kapitan. Ó dúdú, ó gùn, ó fẹ̀ bí ibùsùn ọba, irin funfun sì ń dán yí imú rẹ̀ ká. Òyìnbó kan tó wá bá wọn ṣe afárá ló tà á fún un nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Agbára káká la fi rí ẹlòmíì tó ní irú rẹ̀ ní gbogbo Akra. Alájì ń ta mílíìkì, súgà àti sàdíìnì ní ọjà Tudu nígbà náà, ọjà rẹ̀ ń tà, ó sì gbà pé ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti kúrò lẹ́gbẹ́ àwọn Alata yòókù. Alata ni àwọn ọmọ Gánà ń pe àwa Yorùbá tí a wà láàárín wọn.

Láràárọ̀ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́. Ọkùnrin tí kò wẹ ọmọ rí láyé rẹ̀ ló ń fi kànhìnkànhìn rọra ha ẹrẹ̀ kúrò lára táyà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹun nínú rẹ̀. Ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan gíláàsì rẹ̀. Fàsílátù, ìyàwó rẹ̀ kékeré, tó ń ta àwo àti ìkòkò ní ọjà Makola, kò gbọdọ̀ gbé ọjà rẹ̀ sínú rẹ̀, torí etí ìkòkò lè ha àga. Aláàárù ló ń ru ẹrù obìnrin náà, òun fúnra rẹ̀ a sì wọ tròtrò, bọ́ọ̀sì kékeré tí gbogbo ìlú ń wọ̀. Ọkọ rẹ̀ a wá gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá nínú Kapitan, òun nìkan ṣoṣo, bí ẹyin kan nínú apẹ̀rẹ̀ ńlá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò kan, ìrọbí mú Fàsílátù. Àwọn obìnrin ilé sáré lọ bá Alájì pé kó gbé e lọ sí ọsibítù. Ó jáde wá, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọkọ̀.

“Awọ gidi ni àga yẹn,” ó ní. “Omi ìbímọ kì í kúrò lára awọ. Ẹ wá nǹkan míì gbé e.”

Wọ́n wá nǹkan míì. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ni, èyí tí wọ́n fi ń ti àpò ìrẹsì. Wọ́n gbé e lé e, wọ́n fi ọ̀rá bò ó, wọ́n ń tì í lọ nínú òjò. Wọn ò tíì dé Kaneshie tí ọmọ fi wáyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, obìnrin. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Àfáà pè é ní Ìsìlàmíyátù, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ti kẹ̀kẹ́ náà ti sọ ọ́ lórúkọ kí Àfáà tó dé: Abíọ́nà. Alájì kórìíra orúkọ yẹn títí ó fi kú. Ó sì yẹ kó kórìíra rẹ̀.

Nígbà tó yá, ebi pa gbogbo Gánà, epo di ohun tí wọ́n ń tò fún, ọkọ̀ náà sì dákú. Ohun tí wọ́n nílò láti fi tún un ṣe kò sí ní Akra, kò sí ní Kùmásì. Alájì ní kí wọ́n tì í sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé, ó fi tapólì bò ó, kò sì yéé fọ̀ ọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́, ó ń fọwọ́ tá a kiri, ó ń nù ún. Àwọn kan ní ó ṣeni láàánú. Kò ṣe èmi láàánú.

Ọjọ́ tó fẹ́ kú, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ. Bàbá ẹlòmíràn a ní kí wọ́n má jà, kí wọ́n má fi ìrun sílẹ̀, kí wọ́n tọ́jú ìyá wọn. Ohun tí Alájì Tájù sọ nìyí: “Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ́ ọkọ̀ mi jáde níbí bí òkú ajá. Bí yóò bá jáde, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi jáde.”

Abọ́dúndé, àkọ́bí rẹ̀ lọ́wọ́ ìyálé, di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni di ẹsẹ̀ Kùránì mú. Ó gbé àga sábẹ́ máńgòrò náà, ó di ẹni tí ń sọ ìtàn ọkọ̀ fún àlejò. Gbogbo ọdún tó fi jókòó níbẹ̀, kò fún nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo le. Adìyẹ ń yé sórí àga ẹ̀yìn. Ìpẹtà jẹ ilẹ̀kùn. Abọ́dúndé ń sọ ìtàn.

Abíọ́nà ní tirẹ̀ kọ́ iṣẹ́ àga rírán. Ó ní ṣọ́ọ̀bù onípákó kan létí títì, níbi tó ti ń rán àga fún àwọn onítròtrò. Apá rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ mú, kò sì ní sùúrù fún aláṣejù. Nígbà tí orúnkún ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí ìyá arúgbó náà ń fi ọ̀pá tọ ọ̀nà lọ sí ilé ìyàgbẹ́ ìta tí gbogbo àdúgbò ń lò, Abíọ́nà pinnu láti kọ́ yàrá kan fún un, pẹ̀lú balùwẹ̀ tirẹ̀. Àyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nínú agbo ilé náà. Ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Bọ̀dá Abọ́dúndé, ẹ jẹ́ ká pe àwọn tó ń fa ọkọ̀ kí wọ́n wá gbé e lọ.”

“Ṣé o ò gbọ́ ohun tí Baba sọ ni? Wọn ò gbọdọ̀ wọ́ ọ.”

“Orúnkún Màámi ń dùn wọ́n.”

“Ìyẹn yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ òkú kò ṣeé yí padà.”

“Ẹsẹ̀ ara rẹ̀, àbí?”

“Ẹsẹ̀ ara rẹ̀.”

“Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o.”

Abọ́dúndé rẹ́rìn-ín títí. Ó ń sọ ọ́ káàkiri pé ẹni tí ń rán àga tròtrò fẹ́ jí òkú dìde.

Abíọ́nà lọ pe Bàbá Àlàní, fítà àgbà kan. Fítà ni à ń pe ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní ìlú yìí. Nígbà tí wọ́n ká tapólì kúrò, bàbá náà ṣí fìlà. Ojú rẹ̀ tutù bí ẹni rí ọmọ ìyá rẹ̀ tó sọnù. “Háà! Kapitan! Ẹ wo imú! Ẹ wo ejìká!”

“Bàbá,” Abíọ́nà ní, “ẹ má kì í. Ẹ tún un ṣe.”

Ẹ́ńjìnnì náà ti gan pa bí òkúta. Bàbá Àlàní yọ àwọn púlọ́ọ̀gì, ó da òróró sínú ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó mu ún. Wọ́n á wá gbìyànjú láti yí i, yóò kọ̀, wọ́n á tún da òróró sí i. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ yí díẹ̀, bí ìwọ̀n àtàǹpàkò, bàbá náà jó. Abíọ́nà kò jó. Wọ́n sọ táǹkì epo kalẹ̀, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n ń mì í kí ìpẹtà inú rẹ̀ lè ṣí. Ẹ̀rọ tó ń ta omi sí ẹ́ńjìnnì ti jẹrà. Àwọn tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí Abíọ́nà dárúkọ ọkọ̀ náà fún wọn, ọ̀kan ní kó lọ wá a ní ilé àwọn òkú. Níkẹyìn, ti ọkọ̀ akẹ́rù kan ni wọ́n rà, alágbẹ̀dẹ kan sì gé e, ó lù ú, títí ó fi gbà láti wọ ibi tí kò bí i.

Àga ni Abíọ́nà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Awọ gidi tí wọ́n tìtorí ẹ̀ lé ìyá rẹ̀ sínú òjò ti gbẹ, ó ti sán, ó rí bí pọ̀nmọ́ tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ó fà á ya, ó dà á sórí ààtàn, ó sì mú rọ́bà aláwọ̀ búlúù tó fi ń rán àga tròtrò, ó fi bo gbogbo rẹ̀.

Abọ́dúndé figbe ta. “Rọ́bà! Lára Kapitan!”

“Rọ́bà ṣeé nù, Bọ̀dá. Ohunkóhun tó bá dà sí i, ó ṣeé nù.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ọkọ̀ náà wúkọ́. Ó tú èéfín funfun, adìyẹ fọ́n ká, ó tún wúkọ́. Lẹ́yìn náà ó gbà, ó sì ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ohùn kan tó jinlẹ̀ tó sì tutù. Abíọ́nà sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé ohùn yẹn dùn, àti pé dídùn tó dùn gan-an ló bí òun nínú jù.

Kí èéfín tó tán, Abọ́dúndé ti wọ kaftáànì funfun. Ó ti fóònù pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ti jókòó síwájú ọkọ̀, ó di sítíárì tí kò mọ̀ ọ́n yí mú. “Ọkọ̀ Baba wa ti jí!” ó ń pariwo. “Kò tún níbi tó ń lọ mọ́!” Àwọn ọkùnrin arúgbó ń ya fọ́tò, wọ́n ń fọwọ́ pa irin rẹ̀ bí ẹni pa ẹṣin. Àwọn tí kò bẹ Fàsílátù wò lọ́jọ́ tó ń ṣàìsàn ló pọ̀ jù nínú wọn.

Fàsílátù jáde ní yàrá, ó ń fi ọ̀pá rìn. “Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi.”

“Màámi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya fọ́tò tán,” Abọ́dúndé ní.

“Bọ̀dá,” Abíọ́nà ní, “ẹ sọ̀kalẹ̀.”

Ó wo ojú àbúrò rẹ̀. Ó wo sípánà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀.

Abíọ́nà gbé ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó sì wa ọkọ̀ náà gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó dojú kọ Kaneshie. Àwọn èèyàn ń dúró wò wọ́n. Fàsílátù ń fọwọ́ tẹ àga, ó ń wo òrùlé, ó ń wo títì.

“Abíọ́nà.”

“Màámi.”

“Ṣé èyí náà ni?”

“Òun ni.”

“Èyí tí mo fi gbogbo ayé mi jowú rẹ̀?”

“Òun náà ni, Màámi.”

Ìyá náà pòṣé, òṣé gígùn kan tí obìnrin ẹlẹ́ja tó wà létí títì lè gbọ́. “Ẹ wo ohun tí ọkùnrin kan fi ń yangàn lójú mi. Ó ń gbọ̀n, ó ń rùn. Dúró, mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀.”

“Màámi, báwo lẹ ṣe máa dé ilé?”

“Ṣé tròtrò tán ní Akra ni?”

Ó wọ tròtrò. Wọ́n ní iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà ló jókòó, ó sì bá gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín títí dé Darkuman.

Abíọ́nà kò wa Kapitan padà sílé. Ó wà á lọ bá ọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ àtijọ́ gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ, ó sì tà á fún un kí ọjọ́ tó rọ̀. Abọ́dúndé gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ Àfáà Mùktárù, lémọ́ọ̀mù àdúgbò. Àfáà gbọ́ ọ tán.

“Ṣé wọ́n wọ́ ọ jáde ni?”

“Rárá, Àfáà. Ó wà á ni.”

“Ohun tí bàbá rẹ wí náà nìyẹn. Lọ ṣe àlùwàlá, a fẹ́ kírun.”

Wọ́n kọ́ yàrá náà. Ó ní táìlì, ó ní omi, Fàsílátù sì ń fi ilẹ̀kùn balùwẹ̀ rẹ̀ han àlejò. Abọ́dúndé ṣì ń gbé àga sábẹ́ máńgòrò, ṣùgbọ́n àlejò tirẹ̀ ti tán.

Okìkí Abíọ́nà kàn láàárín àwọn olówó tó ní ọkọ̀ àtijọ́. Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá kan wá láti East Legon, ó ní ọkọ̀ òun kò ní irú, àga rẹ̀ ni òun fẹ́ kó tún rán.

“Ta ní ń jókòó sí i, sà?” Abíọ́nà bi í.

“Kò sẹ́ni tó ń jókòó sí i. Wíwò ni.”

Abíọ́nà da kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà sí i lọ́wọ́. “Ẹ lọ wá ẹni tó ń rán aṣọ òkú.”

Dẹ́rẹ́bà tròtrò kan ti ń tẹ fèrè lẹ́yìn ọ̀gá náà, ó ń pariwo ní Twi pé kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà.