Rọ́bà Tí Bàbá Mi Fi Wọn Ilẹ̀

Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù ni mo kọ́kọ́ fi mọ Mowé. Àárọ̀ Sátidé ni, ìrì ṣì wà lórí koríko, bàbá mi sì mú mi láti ilé tí a yá l'Ágége wá síbi ilẹ̀ wa. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni bàbá mi. Kò gbà kí bíríkìlà dá ilẹ̀ náà wọ̀n. Ó rọ omi kún rọ́bà gígùn kan tó mọ́ gaara, ó ní kí n di ẹnu kan mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òun náà di ìkejì mú níbi tí pálọ̀ máa wà.

Inú rẹ̀ ń dùn bó ṣe ń ṣàlàyé. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé àwọn tó ń la ọ̀nà fún omi lọ sóko láyé àtijọ́ ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Bó ti wù kí rọ́bà lọ́ tó, omi tó wà lẹ́nu méjèèjì á dúró ní ibi gíga kan náà, torí pé èyí tó bá ga á máa ti èyí tó rẹlẹ̀ títí wọ́n á fi dọ́gba. Afẹ́fẹ́ nìkan ló lè mú un purọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń fìka ta rọ́bà náà kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. "Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn lójoojúmọ́, mo sì gbà pé kò sẹ́ni tó gbọ́n tó o.

Lọ́dọ̀ mi, omi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ga dé ìbàdí.

Mo pariwo, "Dádì, ilẹ̀ tiwa ló rẹlẹ̀!"

Bíríkìlà náà ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká da yẹ̀pẹ̀ kún un ká tó bẹ̀rẹ̀ o."

Ṣùgbọ́n láńlọ́ọ̀dù ti ní ká kó jáde, bàbá mi sì ti búra pé òun ò ní jẹ ìrẹsì Kérésìmesì nínú ilé onílé mọ́. Ó ká rọ́bà náà. "Bíjọba bá fẹ́ ṣe títì, wọ́n á gé e wálẹ̀." Ó wá yíjú sí mi: "Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

A kó wọlé kí Kérésìmesì tó dé, ọ̀rá ló bo ojú fèrèsé. Pásítọ̀ wá fòróró sí àtẹ́rígbà. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe títì lóòótọ́. Wọn ò gé e, ńṣe ni wọ́n da yẹ̀pẹ̀ pupa lé e lórí. Gbogbo ẹni tó kọ́lé lẹ́yìn wa náà ló da yẹ̀pẹ̀ kún ilẹ̀ tiwọn.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ wọlé wá bí ẹni tó ti sanwó ilé. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi mumi yó, aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ ń léfòó ní pálọ̀. Ìyá mi dúró sínú omi, ó ní, "Bílé bá ń jó, omi la fi ń pa á. Bàbá Ṣadé, kí la fi ń pa omi?"

Bàbá mi lọ mú rọ́bà náà. Ó ki ẹnu kan bọ omi pálọ̀, ó fẹnu fa ìkejì, ó sì gbé e síta. Omi ò ṣàn. Kó tó lè ṣàn, ẹnu tó wà níta gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju omi inú ilé lọ, kò sì síbi tó rẹlẹ̀ jù wá lọ ní gbogbo àdúgbò. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi. Ó tún fà á, ó tu omi ìdọ̀tí dànù, kò wojú mi. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń bí mi. Ká ní kò mọ̀ ni, ǹ bá ti dárí jì í.

Ọmọ tó di rọ́bà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì rò pé béèyàn bá ti rí òótọ́, ọ̀rọ̀ ti tán. Lóṣù tó kọjá, láńlọ́ọ̀dù tèmi náà ní ká kó jáde. Èmi àti ọkọ mi lọ wo ilẹ̀ kan n'Íbàfò, owó rẹ̀ ò wọ́n. Ọkọ mi ṣí bùútù mọ́tò, ó fa rọ́bà jáde. "Ìyá Tóbi, wá di ẹnu kan mú, ká wọ̀n ọ́n."

Mo wo koríko ibẹ̀, irú èyí tó máa ń hù lójú omi.

Mo ní, "Ẹ dá a padà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sanwó ná."