Abẹ́rẹ́ Ìyá Má-sọ-ọ́-nù

Ẹ̀gbọ́n mi ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Má-sọ-ọ́-nù. Bí o bá gbé aṣọ tó ya wọ ṣọ́ọ̀bù wa, tí o ní o fẹ́ẹ́ fi nulẹ̀, o ti wá ìjà nìyẹn. "Aṣọ tó ya ò tíì kú," ni wọ́n máa ń wí. Wọ́n á gé díẹ̀ nínú ìṣẹ́tí rẹ̀, wọ́n á fi lẹ ojú ihò náà. Ara aṣọ ni wọ́n fi ń wo aṣọ sàn, ojú kì í sì í rí àpá. Kókó tí wọ́n bá ta sópin òwú, àfi kéèyàn fi bíléèdì tú u.

Aṣọ òde òní ò ràn wá lọ́wọ́. A fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti fà bí ọ̀rá. Ààtàn ẹ̀yìn wa kún fún un. Ó máa ń bí mi nínú tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí láti máa bínú.

Ojú ẹ̀gbọ́n mi ti ń lọ. Wọ́n ń fi òwú aró rán aṣọ dúdú, abẹ́rẹ́ ń fo ojú ihò. N ò lè sọ ọ́. Iṣẹ́ yìí ló ń jí wọn láàárọ̀. Bí mo bá gbà á lọ́wọ́ wọn, wọn ò ní pẹ́ dùbúlẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti sùn lọ lórí àga lọ́sàn-án, n ó tú gbogbo ẹ̀, n ó tún un rán. Kò ṣòro tú, wọn ò ta kókó mọ́. Mo ní ojú ló fà á. Iṣẹ́ èèyàn méjì ni mò ń fi ẹ̀yìn kan ṣe. Yẹ̀rì tèmi gan-an ti ya dé orúnkún. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Lánàá, bí mo ṣe ń pọnmi bọ̀, mo gbọ́ ohùn awakọ̀ kan tó ti gbé ṣòkòtò wá.

"Ìyá, ṣebí òun nìyẹn lórí tábìlì? Ẹ fún mi, mo ń kánjú."

"Kò tíì tán. Àbúrò mi ò tíì tún un rán."

"Kí ló kù tó fẹ́ rán níbẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ ni. N ò kúkú ta kókó sí i, kó má baà ni ín lára láti tú. Padà wá nírọ̀lẹ́."

Mo gbé garawa kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Awakọ̀ náà kọjá lára mi, ó ń kùn. Mo wọlé, mo jókòó, mo fa òwú ṣòkòtò náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fà á tó fi jáde tán.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ó rẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó rẹ èmi náà." Wọ́n fọwọ́ pa ara yẹ̀rì mi títí wọ́n fi kan ibi tó ya. "Bọ́ eléyìí fún mi. Tìẹ ò dìgbà tó bá dára." Wọ́n na abẹ́rẹ́ sí mi kí n bá wọn ki òwú bọ̀ ọ́. "Èyí, n ó ta kókó sí i."