Kòtò Ẹnu Géètì Wa ní Gyel

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ọ̀yẹ́ Jos máa ń la ètè wa débi pé ẹ̀rín gan-an ń dunni, iṣẹ́ kan wà tí bàbá wa kì í gbàgbé láti yàn fún èmi àti Àṣàkẹ́ àbúrò mi láàárọ̀ Sátidé: kòtò dídí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà sórí ilẹ̀ líle, ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Ilé wa ní Gyel, lẹ́bàá Jos, ni ilé àkọ́kọ́ tí bàbá mi kọ́ láyé rẹ̀, ọ̀nà tí mọ́tò rẹ̀ sì ń gbà láti géètì dé iwájú pálọ̀ ló fi ń yangàn jù. Ẹnu géètì gan-an ni kòtò yìí wà.

Kòtò oníkòtò máa ń fẹ̀ ni. Tiwa kì í fẹ̀, ńṣe ló ń rì. A ó kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, a ó da yẹ̀pẹ̀ pupa lé e, a ó wọ́n omi sí i, a ó wá fi ọmọ odó àtijọ́ kan lù ú títí ojú ilẹ̀ á fi dọ́gba. Kó tó di Sátidé mìíràn, á tún ti wọnú bí ikùn ẹni tó sùn láìjẹun. Bàbá mi ní ọwọ́ wa ni kò le. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá wa gbé, ní ká máa da eérú àti àfọ́kù àwo sí i. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Mo ṣì rántí àwo kan tó ní òdòdó pupa létí. Ọwọ́ mi ni mo fi dà á síbẹ̀, n kò sì rí èérún rẹ̀ mọ́.

Bí a bá ṣe tán, Ìyá Àgbà á wú pòtétò tó ti rì sínú eérú gbígbóná fún wa. A ó máa sọ ọ́ láti ọwọ́ kan sí èkejì, a ó fi epo àti iyọ̀ jẹ ẹ́, èéfín á sì máa yọ lẹ́nu wa. Nítorí pòtétò yìí, a kì í kùn. Nígbà tó yá gan-an, iṣẹ́ náà di eré.

Àṣàkẹ́ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí èèyàn bá lu ilẹ̀ náà gbì, tó sì dúró, gbì mìíràn á dún nísàlẹ̀, jẹ́jẹ́, lẹ́yìn tí ọwọ́ ti kúrò. Inú wa dùn! A ó lù ú, a ó dákẹ́, á dáhùn, a ó bú sẹ́rìn-ín. Àṣàkẹ́ á kúnlẹ̀, á gbé etí lé yẹ̀pẹ̀, á béèrè pé, "Ta ló wà nílé?"

Díẹ̀díẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé ìdáhùn náà ń sún mọ́ òkè. Lọ́jọ́ kan, ó dún kí n tó sọ ọmọ odó kalẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo sáré lọ sọ fún Ìyá Àgbà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí bàbá mi pe Bàbá Dung, arúgbó Birom, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, tó ń dáko lẹ́yìn ilé wa. Bàbá Dung fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀ náà, ó sì sọ fún bàbá mi ní Hausa pé wọ́n ti wa kuza níbẹ̀ rí, irin funfun tí àwọn òyìnbó torí rẹ̀ wá sí Jos. Ihò ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń wọ̀ lọ wà á.

Ó ní, "Sun shiga, amma ba duka suka fito ba." Wọ́n wọlé, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló jáde.

Bàbá mi ní òun máa ra òkúta kún mọ́tò kan. Ìyá Àgbà ní tiẹ̀ pe àwa ọmọ jókòó. Ó ní, "Mo ti ń kọ́ yín pé bí wọ́n bá pè yín, tẹ́ ẹ ò rí ẹni tó pè yín, ẹ má jẹ́ ẹ. N kò mọ̀ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ pe ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀." Ó gbé ọmọ odó sábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó sì búra pé ọmọ tó bá tún débẹ̀ máa kúnlẹ̀, á nawọ́ sókè títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Etí ọmọ, etí dídi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí òkúta náà tó dé, mò ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà, a ṣàdédé gbọ́ gbì. Òmíràn dáhùn. Ìyá Àgbà, tí orúnkún kì í jẹ́ kó dìde láìké "yéè", dìde láìfọhùn, ó sì sáré. Mo tẹ̀ lé e. Àṣàkẹ́ ti kúnlẹ̀ sẹ́nu géètì, ọmọ odó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, etí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ìyá Àgbà di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn, ó fà á. Ọmọ yìí ń jà, ó ń sunkún pé, "Ẹ jẹ́ n dá a lóhùn! Ó mọ orúkọ mi!"

Ibi tó kúnlẹ̀ sí yẹn ló wọlẹ̀ lọ lójú wa. Ọmọ odó yí wọ inú rẹ̀. A dúró ká gbọ́ ìgbà tó máa balẹ̀. A ò gbọ́ ọ.

Wọn ò na Àṣàkẹ́ lọ́jọ́ náà, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, bàbá mi ti ti géètì rẹ̀ pa, a sì kó lọ sí yàrá tí a háyà ní Nasarawa Gwong, nígboro Jos. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Kò tún ilé mìíràn kọ́ títí ó fi kú.

Ayé ti yí padà. Èmi náà ti kọ́lé sí Rantya, ní Jos kan náà, lórí àpáta. Kò sọ́mọ tó ń dí kòtò lóde òní, inú ilé ni wọ́n ń jókòó sí pẹ̀lú fóònù. Pòtétò náà ti di ohun tí wọ́n ń dín nínú òróró, kò sẹ́ni tó ń rì í sínú eérú mọ́. Àṣàkẹ́ ti di ìyá ọlọ́mọ ní Ìlọrin. Tó bá wá kí wa, ìta ló máa ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló sì máa ń tọ̀ wọlé.

Lọ́dún yìí, òjò gbẹ́ kòtò kékeré kan sẹ́nu géètì mi. Mo pe àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ilẹ̀ wá. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé bí ohunkóhun bá ń dáhùn, kò sẹ́ni tó lè gbọ́. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ náà kí wọ́n lè mu omi, ọmọbìnrin mi kékeré jáde láìwọ bàtà. N kò sọ ìtàn yìí fún un rí. Ó fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ tútù náà, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń retí. Ó wá rẹ́rìn-ín.

"Dádì, ẹ gbọ́."

Ó tún gbẹ́sẹ̀ sókè. Mo gbá ẹsẹ̀ náà mú kó tó balẹ̀.