Ìpín Àǹtí Mi Nínú Ilé Wa

Bí ẹ bá bi wá pé ta ló ni ilé wa, ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó gbọ́ èsì. Ahunṣọ ni baba ńlá mi tó fi amọ̀ mọ ọ́n nínú Ìlọrin àtijọ́. Bàbá àgbà jogún rẹ̀, wọ́n ká koríko orí rẹ̀ kúrò, wọ́n kan páànù. Nígbà tí àwọn náà kú, ọmọ mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀: ẹ̀gbọ́n bàbá mi, bàbá mi, àti àbúrò wọn obìnrin tí mò ń pè ní Àǹtí. Inú ilé náà ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà ẹ má retí pé n kò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Àáfà tó pín ogún pín in bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀: ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ìpín méjì, obìnrin ìpín kan. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú àwọn yàrá ọwọ́ ọ̀tún àgbàlá, bàbá mi mú ti òsì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àbáwọlé tí gbogbo wa ń gbà kọjá ló ṣẹ́ kù fún Àǹtí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó ń gbé ilé ọkọ ní Ṣàngó, kí lo fẹ́ fi yàrá ṣe?"

"Alihamudulilahi," ni Àǹtí wí. "Mo gbà á."

Inú bí mi gan-an ni. Ibi tí kò ṣe é tì, tí ewúrẹ́ pàápàá ń gbà kọjá! Ṣùgbọ́n Àǹtí tẹ́ ẹní síbẹ̀, ó sì ń ti ilé ọkọ rẹ̀ wá kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò ní kéwú ní ìrọ̀lẹ́. Ariwo wọn dùn mọ́ mi ju rédíò lọ.

Àfi bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ṣe ní òun fẹ́ ta ìpín tòun fún oníṣòwò kan ní òpópónà Táíwò. Ọkùnrin náà fẹ́ wó o, kó kọ́ ilé ìkẹ́rùsí síbẹ̀. Ilé wa ló fẹ́ lọ yẹn.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú oníṣòwò náà wá wo ilé, Àǹtí kí àlejò náà tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó fún un ní kùnú.

"Alájì, ibo lẹ máa máa gbà wọlé?"

"Ibí náà ni, Màmá."

"Èmi ni mo ni ibí, mi ò sì tà á."

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo ẹ̀yìn. Ògiri àwọn aládùúgbò ló yí wa ká. Kò síbi tí èèyàn lè lu ilẹ̀kùn mìíràn sí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó mu kùnú rẹ̀ tán, ó ṣàdúrà fún wa, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wú bí àkàrà. Èmi sá lọ sẹ́yìn ilé, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó pẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó tún bá Àǹtí sọ̀rọ̀.

Lọ́dún tó kọjá ló fẹ̀yìn tì. Ilé ìjọba tó ń gbé ní Àbújá, wọ́n gbà á padà. Ìrọ̀lẹ́ ló dé, tòun ti ẹrù, ó sì dúró síta bí àlejò. Àwọn oníkéwú kún ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àbúrò mi, ṣé o máa jẹ́ kí n kọjá?"

Àǹtí ti ń ká ẹní kúrò lọ́nà.

"Torí òní yìí ni mo ṣe kọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wọlé."