Fóònù tí Mo Gbé Lọ fún Màmá ní Lomé

Ìdájí ni mo kúrò ní Ìbàdàn, nígbà tí oorun ṣì wà lójú mi. Ó ti rẹ̀ mí kí n tó wọ mọ́tò rárá. Fóònù tuntun kan wà nínú báàgì mi, mo fi aṣọ wé e, mo sì gbá báàgì náà mọ́ra bí ẹní gbé ọmọ jòjòló. Àbúrò mi Délé ló rà á ní Kánádà fún Màmá wa.

Lomé ni wọ́n bí wa sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá wa, òwò ló gbé wọn dé ibẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì kú sí. Màmá ní àwọn ò kúrò nílé àwọn ní àdúgbò Agbalépédogan. Láti ìgbà tí a ti fọ́n ká, wọ́n máa ń pè wá láàárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó bá wa sọ̀rọ̀, wọ́n á fi oríkì kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mi ò bá tíì gbọ́ ohùn wọn, ọkàn mi kì í balẹ̀. Àmọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ohùn náà ń já. Wọ́n ń gbé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun sí àdúgbò wọn, fóònù oníbọ́tìnì tí Màmá ń lò ò sì bá òpó tuntun náà mu. Délé ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì fáífù-jí layé ń lò báyìí, ká ra èyí tó yára fún Màmá, ká lè máa rí ojú wọn. Èmi tí mo sún mọ́ wọn ló ní kí n gbé e lọ. Ó rọrùn fún un láti sọ, òun kọ́ ló máa gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀.

Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀! Ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ̀rọ̀. Kòtò, ìdádúró, kòtò, ìdádúró. Mo ṣẹ́ náírà mi sí séfà ní bọ́dà, mo wọ mọ́tò mìíràn ní Kòtọ̀nú. Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ Benin, ni awakọ̀ náà, ó to fóònù mẹ́ta síwájú ara rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi mẹ́ta ṣe?"

"Ọ̀kan fún Benin, ọ̀kan fún Togo, ọ̀kan fún ìyàwó mi. Ti ìyàwó mi nìkan ni kì í já."

Mo sọ fún un pé fóònù fáífù-jí wà nínú báàgì mi. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Tá a bá dé Hilakonji, ẹ bá mi bi í bóyá ó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì."

Hilakonji ni bọ́dà Benin àti Togo. Nígbà tá a débẹ̀, fóònù olówó ńlá náà ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì bíi tàwa yòókù. A jókòó sínú oòrùn títí orí fi ń fọ́ mi. Mo ra ablo pẹ̀lú ẹja díndín, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi ooru sè ni ablo, ó funfun, ó sì dùn díẹ̀. Ó jọ mọ́ínmọ́ín lójú, kò jọ ọ́ lẹ́nu.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí sẹ́mìjàn, ọ̀kadà tiwọn, já mi sílẹ̀ lẹ́nu géètì. "Woezon! Woezon!" ni Màmá ń pariwo, bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn káàbọ̀ ní èdè Mínà, èdè Lomé, nìyẹn. Wọ́n gbá ojú mi mú, wọ́n fọwọ́ pa á títí. "Àdùkẹ́, o ti rù." Mo rò pé ìfẹ́ lásán ni wọ́n fi ń fọwọ́ pa mí lójú.

Láàárọ̀, mo tan fóònù náà, mo fi fídíò pe Délé, mo gbé e síwájú wọn. Ojú Délé kún inú rẹ̀ bámúbámú.

"Màmá, ẹ dúró, ẹ jẹ́ n gbé ọmọ mi wá, ó ti ń rìn!" Ó dìde, ó lọ.

Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n mi orí. "Mo rí i, mo rí i. Ó mà ti dàgbà o!"

Ọmọ ò tíì dé. Àga òfìfo ló wà nínú fóònù. Mo parọ́ fún Délé pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo pa fóònù náà.

"Màmá, ìka mélòó ni mo nà yìí?"

"Kí lo fẹ́ kí n wí? Ó ti pẹ́ tí ojú mi ti ń ṣókùnkùn. Bí mo bá sọ, ẹ ó kó mi kúrò nílé mi." Wọ́n ti fóònù náà sẹ́yìn díẹ̀. "Àtàǹpàkò mi mọ ọ̀nà lórí ti àtijọ́. Kókó kékeré kan wà lórí bọ́tìnì àárín, ibẹ̀ ni mo ti ń ka nọ́ńbà yín. Èyí ń yọ̀ kárí. Níbo ni mo fẹ́ fọwọ́ bà?"

Mo sunkún níwájú wọn bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà a ṣàdéhùn: wọ́n á jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn ojú ní Lomé, èmi náà ò ní gbé wọn lọ Ìbàdàn.

Mo bá gba àdúgbò Djidjolé lọ, ìsọ̀ dé ìsọ̀, mò ń wá fóònù oníbọ́tìnì tó máa bá òpó tuntun mu. Fóònù onídígí tí kò ní bọ́tìnì ni gbogbo wọn ń nà sí mi. Ẹsẹ̀ mi ti wú nígbà tí mo bá ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta fóònù pàdé, Ifẹ̀ ará Àtàkpàmé tó ń sọ Yorùbá.

Ó ní, "Tàntí, àwọn tó ń ṣe fóònù ń sáré lé fáífù-jí. Àwọn tó ń ta mọ́dẹ̀mù fún wọn, nǹkan kékeré inú fóònù tó ń bá òpó sọ̀rọ̀, tún ń lé wọn léré. Ta ló fẹ́ dúró ṣe oníbọ́tìnì?"

"Ìyá mi ṣì ń dúró," ni mo dá a lóhùn.

Ó wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ káńtà, ó fa páálí eléruku kan jáde. Oníbọ́tìnì ni, mọ́dẹ̀mù rẹ̀ sì bá òpó tuntun mu. Kò dín owó rẹ̀ fún mi rárá, ọ̀dájú! Nígbà tí Màmá fọwọ́ kan kókó àárín, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọ̀nà àbọ̀ tún gùn ju àlọ lọ. Ní Sẹ̀mẹ̀, Délé pè mí, ó ní kí ló dé tí Màmá ò fi gbé fídíò òun mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó ní, "Àǹtí, mo kàn fẹ́ máa rí wọn ni."

"Èmi náà. Kò sẹ́ni nínú wa tó bi wọ́n bóyá wọ́n ń rí àwa."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Ìbàdàn, gbogbo ara ń ro mí. Fóònù dún. "Àdùkẹ́, ọmọ Ajílété!" Ohùn náà ò já rárá. Wọ́n fi oríkì náà kí mi dé òpin, wọ́n wá ní, "Báwo lo ṣe rí báyìí?"

Mo fẹ́ sọ pé dáadáa ni, bí mo ṣe máa ń wí, àmọ́ mo rántí pé ohùn mi nìkan ni wọ́n fi ń rí mi. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, irun mi ti ń funfun."

"Apá ibo?"

Mo fọwọ́ wá a, mo sọ fún wọn.