Omi Ògì Ìdíátù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Ìdíátù ṣe le tó, kó gbé omi lọ fún un. Ó máa bu díẹ̀ sínú abọ́ funfun, á gbóòórùn rẹ̀, á tọ́ ọ wò, á sì gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì kó tó sọ ohun tó rí. Omi ẹ̀rọ ìjọba ní òògùn nínú, kì í jẹ́ kí àgbàdo tètè kan. Omi òjò orí páànù, eruku Mushin ló kún inú rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ti ń ta ògì ní Ìdí-Orò láti ogójì ọdún. Kànga Fàósátù, aládùúgbò rẹ̀, nìkan ló gbà pé ó yẹ ògì.

Nígbà tí Tìrìmísíyù ọkọ rẹ̀ kú, Teslim ọmọ wọn, tó ń ta aṣọ ní Tejuoso, gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síwájú ilé fún gbogbo àdúgbò. Ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sára ògiri, pé sàárà ni, kí láádá rẹ̀ lè máa bá olóògbé nínú sàréè. Àwọn ènìyàn ṣàdúrà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Ìdíátù bu omi náà sínú abọ́ funfun. Ní ọjọ́ kejì, ìdọ̀tí pupa ti sùn sísàlẹ̀ abọ́, omi ń rùn bí irin tó dógùn-ún. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dá ẹnikẹ́ni sí bá dákẹ́. Ta ló fẹ́ sọ pé omi tí wọ́n fi orúkọ ọkọ òun gbẹ́ kò dára? Ó fi rẹ àgbàdo, ó lọ̀ ọ́, ó sẹ́ ẹ. Ògì náà dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí.

Adùnọlá, oníbàárà rẹ̀ tó ń fi ògì bọ́ ọmọ, gbé ọ̀rá náà sókè.

"Ẹ má bínú, Màmá, ògì bàbà kọ́ ni mo ní kí ẹ dì fún mi o."

"Ògì funfun nìyẹn."

"Màmá, ẹ wò ó dáadáa."

Ìdíátù wò ó, ojú sì tì í. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn fi máa parí, ìdajì ògì rẹ̀ ló ṣẹ́kù sílẹ̀. Ó bá padà sí kànga Fàósátù, ó ń fi aṣọ bo garawa bí ẹni jí nǹkan gbé. Àwọn tó ń to kẹ́ẹ̀gì sídìí ẹ̀rọ sì ń wò ó.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Teslim dé, ó sì bá a pẹ̀lú garawa lọ́wọ́.

"Màámi, wọ́n call mi ní shop. Wọ́n ní ẹ ò fẹ́ kí láádá yẹn dé ọ̀dọ̀ Daddy."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ó gbé garawa kalẹ̀.

"Omi ẹ ni mo fi ń ṣe àlùwàlá. Òun ni mo fi ń fọṣọ. Ṣùgbọ́n irin wà nínú ẹ̀, kò ṣeé fi ṣe ògì."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Inú ẹ ń dùn. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́."

Teslim wo garawa náà. "Tí Daddy bá wà láyé, ṣé wọ́n á fẹ́ kí ẹ máa gbé omi ẹlòmíì kọjá níwájú orúkọ wọn?"

"Daddy ẹ ni wọ́n wá kànga Fàósátù yẹn rí. Gbogbo kànga òpópónà yìí ni wọ́n tọ́ wò nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ògì. Àwọn ni wọ́n sì ń pọn omi ẹ̀ fún mi, garawa mẹ́rin kí wọ́n tó lọ kírun àsùbáà, títí ẹ̀yìn fi ń dùn wọ́n."

"Daddy? Mi ò rí i rí."

"O máa ń sùn," Ìdíátù dáhùn. "Wọ́n máa ń ní kí n rọra bá wọn sọ garawa kalẹ̀, kí n má bàa jí ẹ."